Ilé ọlọ́lá mẹ́ta létí adágún Como lọ́jọ́ kan ṣoṣo: ẹ bá mi yẹ ètò yìí wò

Àbẹ̀kẹ́_Luton

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Màmá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn, a ó sì jọ wà ní Milan ní Ítálì láti ọjọ́ Jímọ̀ 24 oṣù kẹrin títí di ọjọ́ Túsìdeè 28. Ọjọ́ kan nínú rẹ̀ la fẹ́ lò létí adágún Como. A ò bá ti ọjà lọ. Ilé àwọn ọ̀tọ̀kùlú ayé àtijọ́ àti ọgbà wọn la fẹ́ rí. Mẹ́ta ni mo kọ sílẹ̀: Villa Carlotta ní Tremezzo, Villa del Balbianello ní Lenno, àti Villa Melzi ní Bellagio. Ọjọ́ Sátidé 25 ni mo fojú sí.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó dá mi lóhùn: màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ọ̀tún wọn ò sì gba wàhálà. Wọ́n lè fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, àmọ́ tó bá di àtẹ̀gùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gùn ún, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí nǹkan dì mú.

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ṣeé ṣe lọ́jọ́ kan? Ṣé ìlú Como la ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi, àbí ibòmíràn wà? Ṣé dandan ni ká ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀? Màmá sì fẹ́ wé gèlè ya fọ́tò láàárín òdòdó, ṣé kò sí òfin tó lòdì sí i? Físà UK ti wà lọ́wọ́ wọn, mo sì lérò pé ìyẹn ti tó.

Ìwé_Ìrìnnà

Kò tó o. Ẹ jẹ́ ká yanjú ìyẹn kí ẹ tó sanwó ohunkóhun. Físà UK kì í wọ Ítálì. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ì báà ní káàdì ìgbélùú UK lọ́wọ́. Ìkejì, ẹ má sọ pé kí màmá kọ́kọ́ wá bá yín ní Luton ní UK kí ẹ tó bá wọn tọrọ rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí èèyàn ń gbé ló ti máa ń tọrọ físà yìí, àlejò ọlọ́sẹ̀ mélòó kan kì í sì í ṣe ẹni tó ń gbé UK. Nàìjíríà ni kí wọ́n ti ṣe é.

Ó kéré tán, kí ìwé wọlé ní ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìnàjò. Ìyẹn ni òpin tí òfin fi sí i. Ẹni tó bá dúró dé ìgbà yẹn ń fi orí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ìwé adójútòfò ìrìnàjò gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú àìsàn tó tó €30,000. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà.

Ọmọ_Èbúté

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mẹ́ta lọ́jọ́ kan wà fún ọmọ ogún ọdún tó ń sáré kiri. Pẹ̀lú màmá, méjì ni, ẹ ó sì gbádùn méjèèjì.

Ọjọ́ tí ẹ mú ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá jà. Ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ni Ítálì ń ṣe ìrántí òmìnira wọn ti ọdún 1945, ìsinmi ìjọba ni. Nígbà tó wá bọ́ sí Sátidé, bí ìdajì Milan ló máa dà sí etí omi. Èrò tó wà nínú ọgbà kọ́ ló máa ń ba nǹkan jẹ́, ọgbà fẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni. Iye èrò tí òfin gbà ni wọ́n ń kó; bó bá ti pé, wọ́n á ti géètì èbúté, ẹ ó sì dúró de òmíràn nínú oòrùn. Ìlú Como gan-an ni ìlà ti ń gùn jù, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè ń wọ́ lọ. Ọkọ̀ tó ń rọra lọ láti Como ń dúró ní abúlé dé abúlé, wákàtí kan ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń lò kó tó dé Tremezzo. Èyí tó ń sáré wà, àmọ́ wọ́n ń fi owó lé e, àyè inú rẹ̀ sì ń tètè tán.

Nítorí náà, ẹ gba Varenna. Ẹ fojú inú wo igi kànnàkànnà tí èèyàn dorí rẹ̀ kodò: bí adágún náà ṣe rí nìyẹn. Como wà ní ìdí apá kan, Lecco wà ní ìdí apá kejì, Bellagio sì wà níbi tí apá méjèèjì ti pàdé. Varenna, Bellagio, Cadenabbia àti Menaggio ń wo ara wọn lójú ní àárín yẹn, ọkọ̀ kì í ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ láti ọ̀kan sí èkejì. Láti Milano Centrale, rélùwéè tó ń lọ sí Sondrio àti Tirano ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì bọ́ sílẹ̀ ní Varenna-Esino-Perledo. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Láti ibùdókọ̀ dé èbúté tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìdagẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ rántí pé ìdagẹ̀rẹ̀ òwúrọ̀ yìí ló máa di òkè lálẹ́ nígbà tí orúnkún ti rẹ̀, nítorí náà ẹ fi ogún ìṣẹ́jú sílẹ̀ fún ìpadàbọ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó ń kó àlejò sí wàhálà:

Tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè: ẹ ra ti àlọ àti ti àbọ̀ pọ̀ ní Milan. Ibùdókọ̀ Varenna kéré, ìlà á sì ti wà nídìí ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́. Bó bá jẹ́ oníwèé, ẹ tì í bọ ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ọkọ̀ kó lù ú lóǹtẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Èyí tí wọn ò lù lóǹtẹ̀ dà bí pé ẹ ò ra nǹkan kan. Owó ìtanràn ni wọ́n máa gbà.

Ìyanṣẹ́lódì: àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè máa ń ṣe é, ọjọ́ Jímọ̀ ló sì sábà ń bọ́ sí. Wọ́n máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú. Lọ́jọ́ iṣẹ́ tí ìyanṣẹ́lódì bá wáyé, àwọn ọkọ̀ kan ṣì gbọ́dọ̀ rìn láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀, àti aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án alẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó wá lórí ìkànnì wọn ni *sciopero*.

Ọkọ̀ ojú omi: irú méjì ló kàn yín. Èyí tó ń gbé mọ́tò, *traghetto*, fẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, bí èèyàn ṣe ń rìn lójú títì ni wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́. Èyí tí kì í gbé mọ́tò, *battello*, ní pákó tóóró tí èèyàn ń gùn kọjá, ó sì ń mì tí omi bá ru. Nítorí orúnkún màmá, ẹ máa wá *traghetto* níbikíbi tó bá wà. Varenna, Bellagio, Cadenabbia àti Menaggio ló ń dúró sí. Èbúté tó ń jẹ́ Villa Carlotta gan-an, *battello* nìkan ló ń yà síbẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà. Ẹ lè bọ́ sí Cadenabbia kí ẹ fi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá rìn lẹ́bàá omi, ilẹ̀ títẹ́jú ni. Tíkẹ́ẹ̀tì kan wà tó gbà yín láyè láti wọ̀ kí ẹ sì bọ́ bó ṣe wù yín ní àárín adágún fún odidi ọjọ́. Bí ẹ bá máa wọ ọkọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ fi wé ti ẹlẹ́yọ̀kan.

Ọjọ́ Mọ́ńdè 27 ni mo máa mú bó bá jẹ́ èmi. Carlotta àti Melzi ń ṣí lójoojúmọ́ ní àsìkò yẹn. Balbianello kì í ṣí ní Mọ́ńdè àti Wẹ́sìdeè, àyàfi tó bá bọ́ sí ìsinmi ìjọba. Ọjọ́ náà á ti bá yín yọ ìkẹta kúrò.

Babá_Olódòdó

Ọmọ_Èbúté ti sọ ti ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ohun tí ẹ ń lọ wò, nítorí ìparí oṣù kẹrin ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàdúrà kí àyè bá wọn, ẹ̀yin sì ti bọ́ sí i láìmọ̀.

Ọgbà Villa Carlotta tó bí hẹ́kítà mẹ́jọ. Fún àwa tó ń fi pulọ́ọ̀tì wọn ilẹ̀, ìyẹn ń lọ sí bí ọgọ́fà pulọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 60 ní 120. Azalea, igi òdòdó kan, ló sọ ọ́ di olókìkí; òun àti ìbátan rẹ̀ rhododendron lé ní 150 irú. Kì í ṣe igi kọ̀ọ̀kan tó dá dúró. Wọ́n ti gé wọn kìrìbìtì kìrìbìtì, wọ́n ga kọjá orí èèyàn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì, ẹ ó sì máa rìn láàárín wọn bí ẹni ń rìn láàárín ògiri pupa, funfun àti àlùkò. Ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í tanná ní àárín oṣù kẹrin, ó sì ń parí ní àárín oṣù karùn-ún. Kàméélíà ti ń kógbá wọlé nígbà tí ẹ bá dé, àwọn igi rhododendron ńláńlá sì ń tanná lọ́wọ́.

Ẹ má jẹ́ kí fọ́tò orí ayélujára tàn yín, kò sẹ́ni tó lè búra fún ọjọ́ tí òdòdó máa tan tán. Bí òtútù bá pẹ́ nínú oṣù kẹta, gbogbo rẹ̀ á fi ọ̀sẹ̀ kan sún síwájú. Bí òjò ńlá bá rọ̀ nígbà tó ti tan tán, ewé òdòdó á rẹ̀, á dà bí bébà tí omi bà, ní ọjọ́ méjì. Ẹ wo ojú ìwé Villa Carlotta lórí ẹ̀rọ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lọ, wọ́n sábà máa ń fi àwòrán bó ṣe rí lọ́wọ́lọ́wọ́ síbẹ̀.

Ìdí tí irúgbìn ilẹ̀ olóoru fi ń gbé lẹ́bàá òkè oníyìnyín yẹn: adágún náà jìn ju 400 mítà lọ, ó wà lára àwọn tó jìn jù ní Yúróòpù. Omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ń gba ooru sára ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà òtútù. Òkè tó wà lẹ́yìn sì ń dá atẹ́gùn àríwá dúró. Ìyẹn ni ẹ ó fi rí ọ̀pẹ níbẹ̀, tí ẹ ó sì gba abẹ́ ọsàn òròǹbó tí wọ́n fà sórí àtíbàbà kọjá ní ìsàlẹ̀ ilé. Síbẹ̀, wọ́n ń bo ọsàn wọ̀nyẹn nígbà òtútù o. Adágún ò lè ṣe gbogbo rẹ̀.

Bí màmá bá ní ọgbà nílé tí wọ́n sì fẹ́ mú azalea lọ sí Ìbàdàn, ẹ gbà wọ́n níyànjú. Azalea ń fẹ́ òtútù díẹ̀ kó tó lè pọnmọ òdòdó dáadáa, ooru wa á kàn mú un hu ewé ni. Ixora tí à ń gbìn síwájú ilé ló lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún wọn, ìlànà rẹ̀ sì jọra: méjèèjì ò fẹ́ ilẹ̀ tí ẹfun tàbí sìmẹ́ńtì ti wọ̀. Bí ewé bá ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ àmọ́ tí iṣan rẹ̀ ṣì wà ní tútù, ẹfun ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀, irúgbìn ò rí áyọ́ọ̀nù fà. Ní ti gígé, kété tí azalea bá tanná tán ni wọ́n ń gé e. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ ti gé òdòdó ọdún tó ń bọ̀ dànù, nítorí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ti ń ṣe ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti orúnkún: ọ̀nà azalea ṣeé rìn tí ẹ bá rọra. Àfonífojì fẹ́ẹ̀nì ni kí ẹ fò. Ó rẹwà, ó tutù, odò kékeré ń sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ ga, ó sì máa ń yọ̀. Ọgbà oparun dára jù fún ìsinmi. Ó lé ní ogún irú oparun tó wà níbẹ̀, omi ń ṣàn, ibòji sì wà.

Àbẹ̀kẹ́_Luton

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìwé_Ìrìnnà, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ìnáwó asán. Màmá á tọrọ físà láti ilé.

A ti mú Mọ́ńdè. Ó ku ìbéèrè méjì. Ṣé àtẹ̀gùn iwájú Villa Carlotta tí mo ń rí nínú fọ́tò, tó ń yà sọ́tùn-ún sósì, ni ọ̀nà kan ṣoṣo? Àti pé kí ló wà nínú ilé gan-an? Ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń fi òdòdó sílẹ̀ lọ wò?

Oníṣọ̀nà

Ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Wọ́n ń pe ilé yẹn ní ilé òdòdó, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìmọ ohun tí wọ́n ń fojú fò.

Ìdílé Clerici, olówó Milan, ló kọ́ ọ ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ní 1801, Gian Battista Sommariva rà á. Agbẹjọ́rò ni, ó gòkè nínú ìṣèlú lábẹ́ Napoleon títí ó fi wà lára àwọn tó ń darí ìjọba ní Milan. Nígbà tó di 1802 tí wọ́n yan igbákejì ààrẹ fún Ítálì tuntun, Francesco Melzi d'Eril ni Napoleon mú, kì í ṣe Sommariva. Ó bá kó owó rẹ̀ lé iṣẹ́ ọnà. Láàárín 1808 sí 1810 ni Melzi wá kọ́ ilé tirẹ̀ sí Bellagio, lódìkejì omi gan-an. Ẹ dúró sí iwájú Carlotta kí ẹ wo òkèèrè, ẹ ó rí ilé Melzi. Ẹni tí ipò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tó gbà á, wọ́n ń wo ara wọn lójú títí dòní. Nítorí èyí, mo fara mọ́ ọn kí ẹ wo méjèèjì yìí pa pọ̀. Ìkíní ń ṣàlàyé ìkejì.

Nínú ilé, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti lo àkókò yín. Lára ògiri gbọ̀ngàn, lókè, ẹ ó rí ọ̀wọ́ àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sára mábù, tó yí yàrá po. Ìwọlé Alẹkisáńdà sí Bábílónì ni, iṣẹ́ Bertel Thorvaldsen, ọmọ Dẹ́ńmáàkì. Ó kọ́kọ́ fi POP ṣe é fún ààfin Quirinale ní Róòmù ní 1812, nígbà tí wọ́n ń retí Napoleon. Ti mábù bẹ̀rẹ̀ fún Napoleon náà, àmọ́ agbára bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Sommariva sì san owó kí wọ́n parí rẹ̀ fún òun. Ẹ tẹ̀ lé e dé ìparí: ọkùnrin méjì tó dúró níbẹ̀ kì í ṣe ará Bábílónì, Sommariva àti agbẹ́re fúnra rẹ̀ ni.

Ère Palamede, akọni inú ìtàn àwọn Gíríìkì, jẹ́ ti Antonio Canova, agbẹ́re ará Ítálì. Àmọ́ ère ọkùnrin oníyẹ̀ẹ́ àti ọmọbìnrin tó fẹ́ẹ́ fẹnu kò ó, tí gbogbo èèyàn ń yí ká ya fọ́tò, tí wọ́n sì ń kọ "Canova" sábẹ́ rẹ̀, Adamo Tadolini ló gbẹ́ ẹ. Ọmọ iṣẹ́ Canova ni, ó sì lo àwòṣe ọ̀gá rẹ̀. Èyí tí Canova fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wà ní Louvre ní Paris, òmíràn sì wà ní Hermitage ní St. Petersburg. Ìyẹn ò dín ẹwà rẹ̀ kù. Ẹ wo bí mábù ṣe tín-ín-rín lára ìyẹ́, ìmọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ là á já. Àwòrán Francesco Hayez ti ọdún 1823 tún wà níbẹ̀, ìdágbére Romeo àti Juliet.

Carlotta tí ilé ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kò pẹ́ níbẹ̀. Marianne, ọmọ ọba Netherlands, ìyàwó ọmọ ọba Prussia, ló ra ilé náà ní 1843, ó sì fi í ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ nígbà tó ń ṣègbéyàwó ní 1850 pẹ̀lú Georg ti Saxe-Meiningen ní Jámánì. Ọdún 1855 ni Carlotta kú, ọmọ ọdún 23. Ọkọ rẹ̀ tó fẹ́ràn irúgbìn ló mú ọgbà náà gbòòrò sí ohun tí à ń rí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba Ítálì gba ilé náà, nítorí ti àwọn ará Jámánì ni. Láti 1927 ni àjọ kan ti ń tọ́jú rẹ̀. Yàrá òkè ni àga àti ibùsùn ìgbà ayé wọn wà. Bí àtẹ̀gùn bá ti mú màmá, òkè yẹn ni kí ẹ fi sílẹ̀, ẹ má fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀.

Ẹyẹ_Omi

Mo fẹ́ ta ko yín díẹ̀. Ẹ ń lé Balbianello dànù bí ẹni pé ohun kan náà ni gbogbo wọn. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ni ibi tó dúró sí jẹ́ ìyanu: orí àpáta tó yọ jáde sínú omi. Kádínà Angelo Maria Durini ló kọ́ ọ parí ní 1787 sórí ibi tí àwọn mọ́ńkì Francis ti wà rí. Ilé agogo méjì ti ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣì wà níbẹ̀. Nítorí pé àpáta ni, erùpẹ̀ ò tó láti tẹ́ ọgbà pẹrẹsẹ bí ti àwọn yòókù, àfi kí wọ́n máa fi àdá àti sísọ́ọ̀sì ṣe é. Wọ́n gé igi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní leccio bí agboòrùn. Orí igi làwọn olùtọ́jú ọgbà ń gùn láti fọwọ́ gé e. Igi ọ̀pọ̀tọ́ afàyàfà kan wà tí wọ́n darí yí àwọn òpó ìloro Durini ká bí okùn. Guido Monzino rà á ní 1974. Òun ló ṣáájú ikọ̀ Ítálì tó kọ́kọ́ gun Everest ní 1973, ó sì ti dé Òpin Àríwá ayé ní 1971. Nígbà tó kú ní 1988, ó fi ilé náà sílẹ̀ fún FAI, àjọ tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Sàréè rẹ̀ wà nínú ọgbà, nínú ihò tí wọ́n ń kó yìnyín pa mọ́ sí láyé àtijọ́. Fíìmù James Bond ti 2006 tí wọ́n yà níbẹ̀ ló jẹ́ kí ìlà gùn, àmọ́ kì í ṣe òun ló sọ ọ́ di nǹkan.

Ọmọ_Èbúté

Ẹyẹ_Omi, kò sẹ́ni tó ní kò rẹwà. Ẹ wo ọ̀nà rẹ̀ ná. Láti Lenno, ẹsẹ̀ lè gbé èèyàn débẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà kan, ó gòkè, ó tún sọ̀ kalẹ̀, àtẹ̀gùn sì wà nínú ọgbà fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré wà láti Lido di Lenno tó ń gbé èèyàn dé ẹsẹ̀ àpáta, owó rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹnu ọ̀nà, ìgbésẹ̀ láti inú rẹ̀ sórí òkúta sì lè má rọrùn fún orúnkún. Inú ilé, ẹ ò lè dá wọ̀ ọ́. Afinimọ̀nà ló ń kó yín wọlé ní ẹgbẹ́ kéékèèké, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀ lórí ìkànnì FAI. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà nìkan, ìta ló máa wà. Wọ́n tún ń ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀, apá kan lè wà ní títì lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ. Kí Àbẹ̀kẹ́ fi sílẹ̀ di ìgbà mìíràn, kí òun nìkan lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ètò Mọ́ńdè rèé. Rélùwéè aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ láti Centrale. Ní Varenna, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Bellagio. Láti èbúté Bellagio, ẹ má gun àtẹ̀gùn olókùúta tí gbogbo èèyàn ń gùn lọ síbi ìtajà. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ yà, kí ẹ máa tẹ̀ lé etí omi lọ sí gúúsù, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títẹ́jú, ẹ ó dé géètì Melzi. Ilé Melzi kì í ṣí fún àlejò, ọgbà àti ilé ọsàn tí wọ́n sọ di musíọ́ọ̀mù kékeré nìkan ni, nítorí náà ẹ má máa wá ẹnu ọ̀nà kiri. Ọgbà yẹn ló yẹ orúnkún jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀nà abẹ́ igi plane tó wà lẹ́bàá omi tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́, àga wà, adágún kékeré tí wọ́n ṣe bíi ti àwọn ará Jàpáànù sì wà nítòsí ẹnu ọ̀nà. Wákàtí kan ààbọ̀ tó.

Ẹ jẹun ọ̀sán ní Bellagio, tàbí kí ẹ ti ra búrẹ́dì dání láti Milan, owó etí omi ń ta. Nígbà tó bá di bí aago kan, ẹ wọ *traghetto* lọ sí Cadenabbia, kí ẹ rìn lọ sí Carlotta. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni kí ẹ fún un. Ní ti àtẹ̀gùn iwájú: wọ́n kọ́ ọgbà ìsàlẹ̀ ní ìpele ìpele, èyí tí ẹ rí nínú fọ́tò ló ń gun wọ́n. Ẹ kọ lẹ́tà orí ẹ̀rọ sí wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ sọ pé àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn ni, kí ẹ sì béèrè ọ̀nà tí àtẹ̀gùn ti kéré jù. Ẹni tó bá dé ẹnu géètì kó tó béèrè, òṣìṣẹ́ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ìlà gígùn ò ní àyè láti ṣàlàyé. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì Carlotta lórí ìkànnì wọn. Iye owó ń yí láti ọdún dé ọdún, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wò ó. Wọ́n ń dẹ́kun gbígba èèyàn wọlé kí àkókò títì tó tó.

Kí ẹ ti kúrò ní Carlotta ní aago mẹ́rin. Ẹ má fi ọkọ̀ tó kẹ́yìn láti Cadenabbia ṣe ìpinnu. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ fojú sí, kí ti ìkẹyìn jẹ́ àfipamọ́. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀ máa gba ojú ọ̀nà lọ sí Como nínú bọ́ọ̀sì C10, ọ̀nà náà tóóró, ó sì máa ń dí.

Babá_Olódòdó

Ní ti fọ́tò, fóònù lásán kò ní wàhálà. Ohun tí wọn ò fẹ́ ni ayàwòrán tó gbé iná àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé dání, ìyẹn ti di iṣẹ́ ìṣòwò, ó ń gba ìwé àṣẹ àti owó. Dúróònù, ẹ gbàgbé rẹ̀. Kí màmá má jókòó sáàárín azalea o, gbòǹgbò rẹ̀ ò jìn, abẹ́ ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé, ẹsẹ̀ èèyàn ń pa á. Kí wọ́n dúró lójú ọ̀nà, òdòdó á yí wọn ká láìfọwọ́ kàn án.

Òkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ lójú ọ̀nà méjèèjì, bàtà gogoro á rì. Kí ìró má kanlẹ̀ níbi àtẹ̀gùn, kí wọ́n ká a sókè díẹ̀. Bó bá jẹ́ azalea pupa àti aláwọ̀ osùn ló pọ̀ lẹ́yìn wọn, gèlè aláwọ̀ ewé tàbí funfun ló máa yọ. Aláwọ̀ àlùkò á rì sínú rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Luton

Gèlè aláwọ̀ ewé ti wà nílé. Ẹ ṣé, ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè tó kẹ́yìn, ó kéré: apá wo ni ká jókòó sí nínú rélùwéè kí màmá lè rí omi?

Ọmọ_Èbúté

Ní àlọ, ọwọ́ òsì, ní kíkọ ojú síbi tí ọkọ̀ ń lọ. Omi á bẹ̀rẹ̀ láti Lecco. Ihò òkè pọ̀ níbẹ̀, á máa hàn, á sì máa pòórá, títí ẹ ó fi dé Varenna.